Àálè Létí Odò

Bàbá mi gbà pé agbárí òkú tí wọ́n yà sára agolo oògùn kòkó, kòkòrò ni wọ́n ń fi kìlọ̀ fún. Ó ní àwọn tó ṣe oògùn náà mọ̀ pé àgbẹ̀ kò ráyè kàwé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya àwòrán, kí á lè mọ̀ pé kòkòrò tó bá fẹnu kàn án yóò kú. Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé èèyàn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ìlú ti bà jẹ́. Ó ní ta ló máa bu oògùn kòkó mu, tí orí rẹ̀ pé.

Ilé wa wà ní Ìlàrè, nílùú Ifẹ̀, ṣùgbọ́n oko kòkó bàbá mi wà lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí èèyàn ti máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò kó tó fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó bí ogójì ìṣẹ́jú. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ń ya fọ́tò ní Mayfair, nínú Ifẹ̀ kan náà. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi aṣọ dúdú pín in sí méjì: iwájú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ya pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀yìn ni yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fíìmù. Abọ́ mẹ́ta ni mo máa ń tò kalẹ̀ níbẹ̀, oògùn fọ́tò wà nínú wọn. Bí oògùn náà bá ti kú, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, màá gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, màá dà á sí gọ́tà, màá fi omi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe. N kò rò ó wò rí.

Nǹkan bí ọdún 1993 ni mò ń sọ yìí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, bàbá mi sì ti ń sún mọ́ àádọ́rin. Ìyá mi ti kú tipẹ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé láti lọ bá bàbá mi lóko. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn oko. Ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ̀ mí lórúkọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í dúró kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, bí n kò bá sì lọ, òun nìkan ni yóò gbé pọ́ǹpù tó fi ń fọ́n oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò máa gun òkè tí yóò máa sọ̀, àgbà tí eékún ń dùn.

Oògùn kòkó kò ṣeé pò láìsí omi, omi kò sì sí lókè oko. Odò kan ló wà ní ìsàlẹ̀, odò kékeré tó ti abẹ́ àpáta jáde, tó gba ẹ̀bá oko wa kọjá lọ sí abúlé kejì. Etí odò yìí ni bàbá mi ti máa ń po oògùn. Yóò fi igi rò ó bí ẹni ń po ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ó bá fọ́n un tán, yóò padà sọ̀kalẹ̀ wá fọ pọ́ǹpù nínú odò, yóò ṣan agolo, yóò bọ́ aṣọ, yóò wẹ̀ níbẹ̀, nítorí oògùn náà máa ń ta á lára bí yèrèpè. Omi á funfun bí omi ògì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á mọ́ padà. Ohun tí bàbá mi ń rí nìyẹn, omi tó mọ́ padà. Ohun tí èmi náà ń rí nìyẹn, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí a bá ké sí èèyàn tó máa gbọ́, ni Ìyá Onífùfú ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò oko wa ni, ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn bàbá ńlá ọkọ rẹ̀ sá fún ogun wá láyé ọjọ́un, bàbá bàbá mi ló sì fi ilẹ̀ tí wọ́n ń ro hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí wọ́n máa ń gbé iṣu wá fún bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, tí òun náà á bù nínú rẹ̀ dá padà fún wọn, tí wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìyá Onífùfú ló ń fún mi lóúnjẹ bí bàbá mi bá mú mi dání wá sóko. Fùfú rẹ̀ ni mo jẹ dàgbà. Títí mo fi di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá ń padà sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń di fùfú márùn-ún sínú ewé fún mi. Bí mo bá ní n ó sanwó, yóò bi mí pé ta ni mo sanwó fún nígbà tí n kò tíì léyín.

Lọ́dún yẹn, òjò pọ̀ jù, kòkó ń dúdú lára igi, kòkòrò náà kò sì jẹ́ kó sinmi. Bàbá mi lọ ra oògùn mìíràn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Sátidé kan tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi, mo rí ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè. Àwọn mìíràn kò tíì kú, wọ́n kàn ń yí bírí bírí lójú kan bí ẹni tí òòyì kọ́. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí kì í jẹ́ ká gbọ́ràn nírọ̀lẹ́ kò dún mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà mí. Mo mú agolo kan tó ti ṣófo, mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e dání lọ sí Ifẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, nídìí iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ó wá gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó yọ awò ojú, ó tún kà á. Ó bi mí pé ta ló ń lò ó. Ó ní nǹkan yìí kì í tètè kúrò nínú omi, bí omi náà tilẹ̀ mọ́ lójú. Ó ń wọ inú ẹrẹ̀, ó ń wọ inú ẹja, ó ń wọ ara ẹni tó bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, kò sì ní í pariwo. Ó ní kí bàbá mi má fọ ohunkóhun létí odò mọ́. Mo bi í pé níbo ni kó ti máa fọ̀ ọ́. Ó ní ibi tó bá jìnnà sí omi.

Inú máa ń tètè bí mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ló pa mí. Èmi tí mo mọ oko wa, mo mọ̀ pé ibi tó jìnnà sí omi ni ibi tí kò sí omi tí a ó fi fọ nǹkan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti bàbá mi nígbà tó ń pọ́n àdá, mo sì sọ gbogbo ohun tí olùkọ́ náà wí fún un. Mo rọra ń sọ ọ́, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tú ti òyìnbó. Níkẹyìn, mo sọ ọ́ bó ṣe wá sí mi lẹ́nu.

Mo ní, “Bàbá, májèlé ni nǹkan yìí.”

Ó gbé àdá sílẹ̀. “Májèlé ni èèyàn ń bu sínú ọbẹ̀ ẹni tó bá kórìíra. Ṣé èmi lò ń pè ní apani?”

Mo ní rárá o. Ó ní oògùn kòkó lòun ń lò, oògùn tí gbogbo àgbẹ̀ ń lò, òun ló fi rán mi níléèwé, òun ló fi ra ẹ̀rọ fọ́tò àkọ́kọ́ fún mi. Bí òun kò bá fọ́n ọn, kòkó yóò tán. Bí kòkó bá tán, kí lòun yóò dúró tì ní ọjọ́ orí òun yìí? Inú ń bí mi sí ara mi, nítorí mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì. Oògùn ni ohun tí a fi ń tọ́jú nǹkan, tàbí ohun tí ẹnìkan fi ń de ẹnìkan. Májèlé ní tirẹ̀ kò lè ṣàìní ọ̀tá tó gbé e kalẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn tí ẹni tó dà á sómi kò sì ní ẹnikẹ́ni sínú, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é níwájú bàbá mi.

Bàbá mi kì í ṣe olóríkunkun. Ó rò ó jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo dé ní Sátidé kejì, ó ti fọ́n oògùn tán láàárọ̀ yẹn, ó ti fọ pọ́ǹpù, ó ti wẹ̀. Ó ní òun gbà pé ó yẹ ká kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀, kí wọ́n má bu omi fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí òun bá ti fọ́n oògùn. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo wọn? Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ odò náà. Àwọn mìíràn ń kọjá láti ọjà Ẹdúnàbọ̀n, tí a kò mọ̀ wọ́n rárá. Bí a bá kọ̀wé sára pákó, ta ló máa kà á?

Èmi ni mo sọ ọ́. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ dì í ru ẹlòmíràn, èmi ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi àálè sí i.”

Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ àálè. Ìdì igi tí a kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí a so èkísà mọ́ lórí. Òkìtì ọsàn tí a gbé ìkarahun ìgbín lé. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìwé sí i, kò sì sẹ́ni tí kò lè kà á: ẹni tó bá rí i kò ní í fọwọ́ kan nǹkan náà, àfi tí ojú olè bá ti fọ́ pátápátá. Bàbá mi mirí, ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. A fa okùn dí ojú ọ̀nà odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A so èkísà pupa mọ́ ọn, a so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, mo sì fi ọwọ́ ara mi so agolo alágbárí kọ́ okùn tó wà lójú ọ̀nà Ìyá Onífùfú. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ohun tí olùkọ́ yunifásítì kò mọ̀, àwa ti fi ọgbọ́n àwọn bàbá wa ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Nígbà tí mo dé oko, mo bá àbúrò ọkọ Ìyá Onífùfú tó jókòó pẹ̀lú bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì. Àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́ ni, irun rẹ̀ ti funfun. Bàbá mi ti bu omi fún un, kò mu ún. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà ó yí padà sí bàbá mi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ. Ó ní àwọn kò bá wa jà. Ó ní àwọn kàn fẹ́ mọ ìgbà tí odò di ti ẹnìkan. Odò tí bàbá rẹ̀ mu, tí bàbá bàbá rẹ̀ mu, ṣé a ti wá fẹ́ gba ilẹ̀ wa padà ni, tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi?

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àálè kò mọ̀ ju gbólóhùn kan lọ: nǹkan yìí ní olówó. Olè ló ń bá wí. Nínú gbogbo èkísà àti ìkarahun tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, kò sí èyí tó lè sọ pé, àwa la bà á jẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má mu ún. Àwọn tó dá àálè sílẹ̀ kò fi ọwọ́ ara wọn ba odò jẹ́ rí, ohun tí wọ́n máa fi sọ ọ́ kò sì sí.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé kejì ti sọ láàárín ara wọn pé èèyàn kì í fi àálè sí ohun tó ṣófo, pé ẹja ni bàbá mi ń tọ́jú pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kó agbọ̀n wọ odò. Wọ́n ní ẹja ọjọ́ yẹn rọrùn láti mú, kò sá rárá. Inú run wọ́n fún ọjọ́ méjì. Àbúrò ọkọ Ìyá Onífùfú ní àálè wa ló mú wọn, òun sì gbà pé wọ́n jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó ní ó yẹ kí bàbá mi pe àwọn àgbà kó tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé kò ní í sọ ọ́, mo bá sọ ọ́.

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Oògùn ló wà nínú odò.”

Kó tó tán lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣì í sọ. Àgbàlagbà náà dìde. “Oògùn kẹ̀? Ta ni ẹ fi dè?”

Mo ní kì í ṣe irú oògùn yẹn, oògùn kòkó ni. Ó wò mí, ó wo bàbá mi. Ó ní oògùn kòkó tí bàbá mi ti ń fọ́n láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú? Tí bàbá mi fúnra rẹ̀ máa ń wẹ̀ dànù sínú odò? Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àálè sí i? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń parọ́ fún òun, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tó ń pa irọ́ náà. Ó dágbére, ó lọ. Omi tí a bù fún un ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. N kò mọ ibi tí n ó dà á sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, oòrùn kò tíì wọ̀, Ìyá Onífùfú dé. Ó ru igbá lórí. Ó sọ̀ ọ́, ó sì kúnlẹ̀ fún bàbá mi, arúgbó tí n kò rí i kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi tó bá ń kírun. Ó ṣí igbá. Fùfú wà nínú rẹ̀, ó ń ru èéfín, pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ ilá. N kò bèèrè ibi tí ẹja inú rẹ̀ ti wá.

Ó ní bí àwọn bá ṣẹ̀ wá, ká foríjì àwọn. Ó ní òun rí àálè lọ́jọ́ tí a so ó, òun kò sì fẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú omi lọ́jọ́ náà lòun yọ, ẹ̀gẹ́ yẹn lòun fi ro fùfú tó wà níwájú wa. Èyí tó kù ti ń rà nínú agbọ̀n nílé, òun kò sì ní ibòmíràn tí òun lè rẹ ẹ́ sí.

Mo mọ ọjọ́ yẹn. Bàbá mi ti fọ́n oògùn tán, ó ti fọ pọ́ǹpù, ó ti wẹ̀, kí á tó so okùn kankan.

Mo kúnlẹ̀ ti Ìyá Onífùfú, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó bá wọn jà, pé omi náà gan-an ni kò dára, pé ẹja ń kú nínú rẹ̀, kó má mu ún, kó má rẹ nǹkan sí i. Mo yẹra fún ọ̀rọ̀ oògùn bí ẹni ń yẹra fún ejò. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó fọwọ́ pa mí lórí.

Ó ní, “Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí bàbá mi má baà gbọ́. “Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ lé mi kúrò níbí ni?”

Bàbá mi gbọ́. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Mo ń dúró pé kó sọ ọ́, kó sọ pé èmi ni, èmi ni mò ń ba omi yín jẹ́. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà bèèrè kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè rẹ̀ ní èsì kan ṣoṣo tí ọmọlúàbí lè fún un.

Bàbá mi ní, “Kò sẹ́ni tó fẹ́ lé yín, ìyàwó wa. Odò yín ni.”

Ó mú àdá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, a sì gbọ́ bó ṣe ń gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Onífùfú dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní alihamudulilai, ó fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí bàbá mi padà dé pẹ̀lú èkísà àti agolo lọ́wọ́, ìyá náà ní kí á jẹun kó tó tutù, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Ẹni tí a fi oúnjẹ bẹ̀, tó kọ̀ tí kò jẹ ẹ́, ó ní ìjà kò tíì tán. Ó tún ní òun ń fura sí ọwọ́ tó sè é. Mo wo bàbá mi, ó wo èmi náà. N kò tíì há tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ní gbangba oko, lábẹ́ ọ̀run, níbi tí kò sí ògiri kankan. Bàbá mi ṣan ọwọ́. Òun ló kọ́kọ́ mú òkèlè. Èmi náà mú tèmi. Ìyá Onífùfú jókòó, ó ń wò wá bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé òun náà ń jẹ. Fùfú náà dùn. Ohun tó dùn mí jù títí dòní nìyẹn, pé ó dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti padà sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Inú gbogbo abúlé dùn. Wọ́n ní bàbá mi ti tú ohun tó dè mọ́ odò, omi ti mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a jẹ fùfú náà, nígbà tí a ń dúró de mọ́tò lójú títì, inú ń bí mi. Mo sọ fún bàbá mi pé kò gbọdọ̀ fọ nǹkan kan sínú odò yẹn mọ́, mo sọ ọ́ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá.

“Oògùn fọ́tò tìrẹ ńkọ́? Ibo lò ń dà á sí?”

Mo ní, “Gọ́tà.”

“Gọ́tà yẹn ń lọ síbo?”

Mọ́tò dé, a wọlé.

Bàbá mi gbìyànjú. Ó gbé pọ́ǹpù wá sí Ìlàrè, ó fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé sì figbe ta pé kànga wà níbẹ̀. Wọ́n jàre. Ó gbé e lọ sókè oko pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ó ṣubú lọ́nà, eékún rẹ̀ wú fún oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó padà sí odò. N kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Ìyá Onífùfú bá di fùfú márùn-ún fún mi, mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́, màá gbé e dé Mayfair, màá tún jókòó máa wò ó. Lẹ́yìn ọdún kejì, ó ṣàìsàn inú nígbà òjò, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Bàbá mi náà tẹ̀ lé e kí ọdún 2000 tó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tipẹ́. N kò lè sọ pé odò ló fà á. N kò sì lè sọ pé odò kọ́.

Ní tèmi, láti ọjọ́ tí bàbá mi ti bi mí léèrè, n kò lè da oògùn fọ́tò sí gọ́tà mọ́. Mo tẹ̀ lé gọ́tà náà lẹ́ẹ̀kan. Mo rìn títí mo fi rí ibi tó ti já sódò, tí obìnrin kan ń fọ aṣọ ọmọ níbẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ oògùn tó ti kú sínú kẹ́ẹ̀gì, mo ń dé e, mo ń tò ó sábẹ́ tábìlì nínú yàrá òkùnkùn. Mo ní n ó wá ibi tí n ó dà á sí. Kẹ́ẹ̀gì di mẹ́ta, ó di méje. Nígbà tó yá, n kò rí ibi tí n ó tẹ ẹsẹ̀ sí mọ́, mo máa ń fẹ̀gbẹ́ wọlé ni. Òórùn rẹ̀ wọ inú aṣọ mi. Àwọn oníbàárà ń fi ọwọ́ bo imú. Fọ́tò àálè tí mo yà lọ́jọ́sí ṣì wà lára ògiri níbẹ̀, agbárí agolo yẹn ń wò mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fọ fíìmù.

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ máa tún rédíò ṣe níbẹ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì mi wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n fi wá ibi tí n ó kó wọn lọ. Ó ka kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá, ó bi mí pé kí ló wà nínú wọn.

Mo la ẹnu. Gbogbo ọdún tí mo fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn, n kò rí i.

Mo ní, “Oògùn ni.”

Ó fò sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè bá oògùn olóògùn gbé inú yàrá kan náà láé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí n tó lè ṣàlàyé, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì méjì jáde gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dà wọ́n sí gọ́tà, lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kọ̀ọ̀kànlá. N kò dá a dúró. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ara tù mí.